Etheldreda: orúkọ ọbabìnrin àtijọ́ tó ṣì ń rìn láàrin wa ní Audrey (ìbéèrè àti ìdáhùn)

Orúkọ méjì ni ẹ máa kà nípa rẹ̀ níbí, ṣùgbọ́n orúkọ kan náà ni. Ọ̀kan gùn, ó le í pè, àwọn tó ń jẹ́ ẹ kò sì ju díẹ̀ lọ. Èkejì kúrú, òkìkí rẹ̀ sì ti kàn dé Hollywood. Ìbéèrè tí àwọn tó fẹ́ràn ìtàn orúkọ sábà máa ń béèrè nípa wọn la dáhùn.

Báwo la ṣe ń pe Etheldreda?

Bí ẹni pé a kọ ọ́ ní Ẹtẹldríìdà, kí ohùn lọ sókè ní "drí". Audrey ní tiẹ̀ kò le: Ọ́drì.

Ta ni Etheldreda tí ìtàn yìí dá lé?

Ọmọ ọba ni. Anna ni bàbá rẹ̀, ọba East Anglia, ìjọba kan ní apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ tí a wá mọ̀ sí Ẹ̀ńgílándì. (Ọkùnrin ni Anna o, ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín.) Nǹkan bí ọdún 636 ni wọ́n bí ọmọbìnrin yìí, nígbà tí ẹ̀sìn Kristẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Ní èdè tirẹ̀, Æthelthryth ni orúkọ rẹ̀. Etheldreda ni àwọn tó ń fi èdè Látìn kọ̀wé sọ ọ́ dà, ìyẹn sì ló dúró sínú ìwé ìjọ títí di òní.

Ó fẹ́ Tondberht, ìjòyè àwọn ará South Gyrwas tó ń gbé ní agbègbè àbàtà tí wọ́n ń pè ní Fens. Ọkọ náà kú láìpẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 660, wọ́n tún fà á fún Ecgfrith, ọmọ ọba Northumbria, ọmọdékùnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju nǹkan bí ọdún 15 lọ. Ecgfrith gorí oyè lẹ́yìn ìgbà náà, ìyàwó rẹ̀ sì di ayaba. Lẹ́yìn ọdún 12 nílé ọkọ, Ecgfrith gbà á láyè kó lọ sílé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ obìnrin ní Coldingham, lọ́dọ̀ Æbbe tó jẹ́ arábìnrin bàbá ọkọ rẹ̀. Ní ọdún 673, ó padà sí àbàtà Fens, ó dá ilé ìjọsìn sílẹ̀ ní Ely, tọkùnrin tobìnrin sì ń gbé níbẹ̀ lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Ọdún 7 ló lò gẹ́gẹ́ bí ìyá àgbà ibẹ̀ kó tó kú ní 23 Òkúdù, ọdún 679.

Ṣé òótọ́ ni pé ó fẹ́ ọkọ méjì, tí kò sí èyí tó bá a sùn?

Ohun tí Bede kọ sílẹ̀ nìyẹn. Mọ́ǹkì ni Bede, ará Northumbria, ó sì parí ìwé ìtàn ìjọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ní ọdún 731. Ọ̀rọ̀ náà kò tètè wọ àwọn èèyàn létí, nígbà ayé Bede pàápàá, nítorí náà ó lọ bi Wilfrid léèrè lójúkojú. Wilfrid ni bíṣọ́ọ̀bù tó mọ obìnrin náà dáadáa. Wilfrid ní òun ní ẹ̀rí: Ecgfrith ṣe ìlérí ilẹ̀ àti owó púpọ̀ fún òun bí òun bá lè bá a tu ìyàwó rẹ̀ lójú kó gbà fún un, nítorí ọkọ mọ̀ pé kò sí ẹni tí ìyàwó òun fẹ́ràn tó bíṣọ́ọ̀bù yìí.

Ní tèmi, mo gba apá ibi tí owó wà nínú ìtàn náà gbọ́ ju ìyókù lọ. Ẹ má sì gbàgbé pé Wilfrid gan-an ló gba ilẹ̀ Hexham lọ́wọ́ ayaba yìí, orí rẹ̀ ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá rẹ̀ lé ní nǹkan bí ọdún 674. Ẹlẹ́rìí tó jàǹfààní ni.

Kí ló ṣe é lọ́rùn tí gbogbo èèyàn fi ń sọ̀rọ̀ ọrùn rẹ̀?

Kókó ńlá kan ló yọ sí i lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Cynefrith gé e kí omi inú rẹ̀ lè jáde. Ara tù ú fún ọjọ́ méjì, àwọn èèyàn rò pé ó ti yè é. Ní ọjọ́ kẹta ìrora náà padà, ó sì kú. Kó tó kú, ó ń sọ pé ó yẹ bẹ́ẹ̀, pé ìlẹ̀kẹ̀ tí òun fi ṣe fààrí sọ́rùn nígbà ọmọge ni Ọlọ́run ń gba ẹ̀san rẹ̀, pé dípò wúrà àti òkúta iyebíye, kókó pupa tó ń jóni ló wà lọ́rùn òun báyìí.

Pósí igi ni wọ́n fi sin ín, láàrin àwọn ọmọ ilé rẹ̀, bó ṣe ní kí wọ́n ṣe. Lẹ́yìn ọdún 16, ní 695, Seaxburh ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó rọ́pò rẹ̀ fẹ́ gbé egungun rẹ̀ wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ely kò ní òkúta, omi àti àbàtà ló yí i ká. Wọ́n rán àwọn kan nínú ọkọ̀ ojú omi kí wọ́n lọ wá òkúta ńlá tí wọ́n lè fi ṣe pósí. Lẹ́bàá odi ìlú kékeré kan tó ti di ahoro, Grantacaestir, nítòsí Cambridge òde òní, wọ́n rí pósí òkúta mábù funfun kan, tòun ti ìdérí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí sàréè, ara obìnrin náà wà bí ẹni tó kú lánàá. Cynefrith wà níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì jẹ́rìí pé ojú ọgbẹ́ tí òun dá sí i ti jiná, kìkì àpá tínínrín ló kù. Pósí òkúta náà bá a mu rẹ́gí.

Mo ka èyí fún yín bí Bede ṣe rò ó. Ẹni tó bá fẹ́ kó gbà á gbọ́, ẹni tí kò bá fẹ́ kó fi í sílẹ̀. Ohun tó kan orúkọ rẹ̀ ni pé òkìkí òkú yìí ló gbé e. Ọ̀pọ̀ obìnrin ìgbà náà jẹ́ Æthel-kan tàbí òmíràn, a kò sì gbúròó wọn mọ́.

Kí ni ìtumọ̀ orúkọ náà?

Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀: æthel ni ọlọ́lá, ẹni tó wá láti ìdílé ọlá, thryth ni agbára. Ó sún mọ́ bí àwa náà ṣe ń so orúkọ pọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tilẹ̀ máa ń fi ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ kan ṣe àmì ìdílé, bí ilé Ayàn ṣe ń jẹ́ Àyàn-, tí ilé Ọdẹ ń jẹ́ Ọdẹ́-. Ẹ wo ilé Anna: àwọn àbúrò rẹ̀ tó jọba lẹ́yìn rẹ̀ ni Æthelhere àti Æthelwold, ọmọ rẹ̀ obìnrin mìíràn sì ni Æthelburh tó di ìyá àgbà ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Faransé.

Ṣé Ethelred ni orúkọ ọkùnrin rẹ̀?

Rárá. Ibi æthel nìkan ni wọ́n ti pàdé. "Ìmọ̀ràn" ni ìdajì kejì Ethelred. Ẹ̀yìn ìgbà tí èdè Látìn ti bo ojú orúkọ méjèèjì ni wọ́n tó wá jọra.

Báwo ni Etheldreda ṣe wá di Audrey?

Ẹnu ló ṣe é. Àwọn àlùfáà ń kọ Etheldreda sínú ìwé, ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ àti apẹja Fens kò ráyè orúkọ gígùn. Ohùn àárín rẹ̀ ń jẹ dànù díẹ̀díẹ̀, "l" rọ̀ di ohùn tó fara jọ "u", títí ó fi ku Audry, Awdry, Awdrey. Bí a ṣe ń jẹ́ Olúwaṣẹ́gun nínú ìwé tí wọ́n ń pè wá ní Ṣẹ́gun nílé nìyẹn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé gbogbo wa mọ̀ pé Ṣẹ́gun wá láti ara Olúwaṣẹ́gun, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi Audrey mẹ́wàá lónìí pé níbo ni orúkọ wọn ti wá, mélòó ló máa mẹ́nu kan Ely?

Àwọn Norman láti ilẹ̀ Faransé gba Ẹ̀ńgílándì ní 1066. Kí ló dé tí orúkọ yìí kò kú pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀?

Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ kú. Láàrin ìran mélòó kan, William, Robert, Richard, Alice àti Matilda gba gbogbo ilé. Wulfthryth dà? Leofflæd dà? Àwọn díẹ̀ tó bọ́ ni èyí tí ọba tàbí ẹni mímọ́ kan dì mú: Edward, Edmund, Edith.

Etheldreda ní Ely lẹ́yìn. Àwọn Dane ti pa ilé ìjọsìn náà run ní nǹkan bí ọdún 870, bíṣọ́ọ̀bù kan tó ń jẹ́ Æthelwold sì tún un dá sílẹ̀ ní 970. Nígbà tí àwọn Norman fi máa dé, ó ti di ọ̀kan lára àwọn ilé mọ́ǹkì tó lówó jù ní ilẹ̀ náà. Orúkọ obìnrin yìí ló sì wà lórí gbogbo ilẹ̀ wọn: ẹni tó bá gba oko Ely, Etheldreda ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Hereward, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń bá William ọba àwọn Norman jà, fi erékùṣù náà ṣe ibi ìsádi rẹ̀ títí di 1071. Lẹ́yìn tí ìjà parí, àwọn olóyè Norman bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ agbára gba ilẹ̀ àwọn mọ́ǹkì, àwọn mọ́ǹkì náà ò sì dákẹ́.

Nínú ìwé ìtàn tí wọ́n kọ ní Ely ní ọ̀rúndún 12, a ka ti Gervase, ọmọọṣẹ́ Picot tó jẹ́ aláṣẹ ọba ní Cambridge. Gervase ń fìyà jẹ àwọn èèyàn Ely. Lóru ọjọ́ kan, Etheldreda àti àwọn ẹ̀gbọ́n-àbúrò rẹ̀ méjì yọ sí i, ó bá a wí, ó sì fi ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ gún un láyà. Àwọn ìyókù náà gún un tẹ̀ lé e. Gervase kígbe, àwọn ará ilé rẹ̀ sá wá, ó ròyìn ohun tó rí, ó sì kú. Ìtàn ìdẹ́rùbani ni, mo mọ̀. Àmọ́ ó ṣiṣẹ́ rẹ̀: ẹni mímọ́ tó lè pààyàn nítorí ilẹ̀, wọn ò gbàgbé orúkọ rẹ̀. Ní 1109, Ely di ìjókòó bíṣọ́ọ̀bù, òkìkí náà sì tún gbilẹ̀ sí i.

Mo gbọ́ pé orúkọ rẹ̀ ló bí ọ̀rọ̀ kan tí kò dára nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Bẹ́ẹ̀ ni, tawdry ni. Ní oṣù Ọ̀wàrà, ní àyíká 17, ọjọ́ tí wọ́n gbé ara rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà ńlá ọdọọdún máa ń wà ní Ely. Wọ́n ń ta ọ̀já sílíìkì tí àwọn obìnrin ń so mọ́ ọrùn níbẹ̀, nítorí ìtàn kókó ọrùn yẹn. Léèsì ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí a ń rà ní Balógun tàbí Gbági; okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni. "Saint Audrey's lace" ni orúkọ ọjà náà, "t" tó parí Saint sì gùn mọ́ Audrey lẹ́nu àwọn oníbàárà. Ojúlówó ni ọ̀já náà níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀rúndún 17, èyí tí kò dára ti pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ náà sì di orúkọ fún gbogbo ohun páńda tó ń dán lójú tí kò níláárí.

Obìnrin tó kú tó ń ronú pìwà dà nítorí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn! Wọ́n wá fi orúkọ rẹ̀ ta ọ̀ṣọ́ ọrùn, wọ́n sì tún fi bú ọ̀ṣọ́ náà. Ó dùn mí fún un díẹ̀.

Ọba Henry VIII wó ojúbọ rẹ̀. Ṣé ìyẹn kò pa orúkọ náà?

Ní 1539, wọ́n tú àwọn mọ́ǹkì Ely ká. Ní 1541, bíṣọ́ọ̀bù Goodrich pàṣẹ pé kí wọ́n wó gbogbo ojúbọ, wọ́n sì wó ti Etheldreda. Bí ẹ bá dé Kàtídírà Ely lónìí, òkúta pẹlẹbẹ dúdú kan ló wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó ń tọ́ka ibi tí ó dúró sí.

Orúkọ náà kò kú, ṣùgbọ́n ipò rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ní nǹkan bí 1599, Shakespeare fi Audrey sọ ọmọbìnrin darandaran ewúrẹ́ kan nínú eré rẹ̀, ọmọ oko tí àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín sí. Òǹkọ̀wé kì í déédéé yan orúkọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé ará oko ni etí àwọn òǹwòran gbọ́ nínú rẹ̀.

Àwọn wo ló jẹ́ ẹ lẹ́yìn ìyẹn?

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni Etheldreda Malte. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ ní Etheldreda níbì kan, ní Audrey níbòmíràn, ẹnì kan náà. Télọ̀ Henry VIII ni John Malte tó pè é ní ọmọ òun, ọmọ tí kò bí nílé ìyàwó. Ní 1546, ọba fún télọ̀ náà àti ọmọbìnrin yìí ní ilẹ̀ púpọ̀, ìyẹn ló sì mú kí àwọn kan máa sọ pé ọba fúnra rẹ̀ ló bí i. Kò sí ẹ̀rí tó dé ìdí ọ̀rọ̀. Ó fẹ́ John Harington, ilẹ̀ rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ ọkọ. Nígbà tó kú, ọkọ fẹ́ ẹlòmíràn, ẹni yẹn ló bí John Harington kékeré, ọkùnrin tó ṣe ilé ìyàgbẹ́ olómi tó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1596.

Ní ọ̀rúndún 18, Etheldreda Townshend wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Audrey ni àwọn ọ̀rẹ́ ń pè é, ahọ́n rẹ̀ mú, àwọn ènìyàn ńláńlá sì ń wá sílé rẹ̀. Òun ni ìyá Charles Townshend, mínísítà ìṣúná tó bu owó orí lé tíì, gíláàsì, pépà àti ọ̀dà tó ń lọ sí Amẹ́ríkà ní 1767. Ìjà tí owó orí yẹn dá sílẹ̀ kò tán títí Amẹ́ríkà fi gbòmìnira.

Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn méjèèjì ló ń lo orúkọ méjì pa pọ̀. Ìwé ń pa Etheldreda mọ́, ẹnu ń pa Audrey mọ́. Bí ọ̀kan bá ti dá nìkan wà, mi ò rò pé èkejì ì bá tó ìgbà wa.

Lẹ́yìn wọn ni Etheldreda Laing (1872–1960), ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ ń ya fọ́tò aláwọ̀ ní Ẹ̀ńgílándì. Láti nǹkan bí 1908 ló ti ń ya àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì nínú ọgbà ilé wọn ní Oxford. Ní Ely ni bàbá rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, nítorí náà a kò ní béèrè ibi tí wọ́n ti rí orúkọ.

Ìgbà wo ni Audrey padà sójútáyé?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20. Nígbà tó di àwọn ọdún 1920, ó ti wọ́pọ̀ ní Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà. Ní 1929 ni wọ́n bí Audrey Hepburn ní Brussels. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Bìrìtìkó, ìyá rẹ̀ ará Netherlands. Nígbà tí àwọn Jámánì gba Netherlands nínú ogun, ìyá rẹ̀ ní kó máa jẹ́ Edda, nítorí orúkọ Gẹ̀ẹ́sì lè kó bá a. Lẹ́yìn ogun, Audrey tún padà, fíìmù sì gbé e ká gbogbo ayé.

Ní ilẹ̀ Faransé, ó gbòde kan ní àwọn ọdún 1980. Ìdí nìyẹn tí àwọn Audrey tó gbajúmọ̀ báyìí fi kún fún ọmọ Faransé: òṣèré Audrey Tautou, àti Audrey Azoulay tó di olórí UNESCO ní 2017. Ní Amẹ́ríkà, àwọn òbí tún sáré padà sí i lẹ́yìn ọdún 2000.

Etheldreda gan-an ńkọ́? Ṣé ẹnì kan ṣì ń jẹ́ ẹ?

Ó wà, kò kàn pọ̀ ni. Ilẹ̀ Áfíríkà sì ni mo ti máa mú àpẹẹrẹ wá: Etheldreda Nakimuli-Mpungu, dókítà àìsàn ọpọlọ ní Yunifásítì Makerere, Uganda. Ó ń fi ìjíròrò ẹgbẹ́ ṣe ìwòsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn fún àwọn tó ní kòkòrò HIV, BBC sì kà á mọ́ àwọn obìnrin 100 rẹ̀ ní 2020. Orúkọ àbàtà Fens ti bá ìjọ rìn dé etí adágún Victoria.

Ọmọ Yorùbá kankan ńkọ́?

Audrey la rí. Audrey Ajose, agbẹjọ́rò àti òǹkọ̀wé ìwé ọ̀dọ́, ṣe aṣojú Nàìjíríà ní àwọn orílẹ̀-èdè Scandinavia. Ọ̀nà tí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ gbà dé Èkó kò ṣàjèjì: àwọn Sàró, ìjọ, àti ilé-ìwé míṣọ́n.

Níbo la ti lè rí i bí a bá lọ sí Ẹ̀ńgílándì?

Ely ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Àwòrán ìgbésí ayé rẹ̀ wà ní gbígbẹ́ sára àwọn òpó tó gbé ilé ìṣọ́ onígun mẹ́jọ Kàtídírà náà ró, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ti àtẹ̀yìnwá wó ní 1322. Ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà tó wà nínú ìlú kan náà ní ọwọ́ gbígbẹ kan tí wọ́n kà sí tirẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, St Etheldreda's wà ní Ely Place, níbi tí ààfin bíṣọ́ọ̀bù Ely wà tẹ́lẹ̀. Ìparí ọ̀rúndún 13 ni wọ́n kọ́ ọ, àwọn Àgùdà sì rà á padà ní 1874. Ní 3 Èrèlé, wọ́n ń súre fún ọ̀fun àwọn èèyàn níbẹ̀. Hatfield náà ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, nítorí ilẹ̀ Ely ni Hatfield nígbà kan.

Mo fẹ́ fi sọ ọmọ mi. Kí lẹ rí sí i?

Bí ó bá jẹ́ orúkọ ìsàmì lẹ ń wá, tí ẹ sì fẹ́ èyí tí ọmọ mẹ́ta mìíràn kò ní máa jẹ́ ní kíláàsì rẹ̀, Etheldreda dára. 23 Òkúdù ni ọjọ́ àjọ̀dún rẹ̀. Orúkọ Yorùbá rẹ̀ ni kí wọ́n máa fi pè é nílé, kí Audrey tàbí Dreda wà fún àwọn ọ̀rẹ́. Mi ò ní gbà yín níyànjú Ethel lásán. Ó ń dún bí orúkọ ìyá àgbà, ó sì ti di orúkọ tó dá dúró fúnra rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo máa tẹnu mọ́. Etheldreda, Ethelreda, Ethedreda: gbogbo rẹ̀ ni akọ̀wé máa kọ bí ẹ kò bá dúró tì í. Ẹ yan ọ̀kan kó tó di ọjọ́ ìsàmì, ẹ kọ ọ́ sórí pépà fún wọn, kí ìwé ìbí, NIN, WAEC àti ìwé ìrìnnà lè bára mu. Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, ilé-ẹjọ́ ni ẹ ti máa lọ búra pé ẹnì kan náà ni.